Bí Ẹ̀dọ̀fóró Ṣe Ń Ròyìn fún Ọpọlọ

Ọpọlọ ló ń pàṣẹ mímí, ṣùgbọ́n kì í dá a ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń mọ nǹkan lára nawọ́ wọn káàkiri ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti inú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ti wọlé tó.

Ìlú Vienna, ní Ọ́stríà, ni ìmọ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1868, Josef Breuer àti Ewald Hering rí i pé bí wọ́n bá fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ̀dọ̀fóró ẹranko, kò ní mí sínú mọ́. Bí ẹ̀dọ̀fóró náà bá sì rọ, kíá ló máa tún mí sínú. Nígbà tí wọ́n gé iṣan vagus, tó ti orí gba ọrùn wọ inú àyà, ìṣe yìí dópin, mímí ẹranko náà sì falẹ̀, ó jinlẹ̀. Wọ́n mọ̀ nígbà náà pé iṣan yìí ni ìròyìn ń gbà lọ. Orúkọ àwọn méjèèjì ni a fi ń pe ìṣe náà dòní.

Ní 1933, Edgar Adrian ti Cambridge fi ẹ̀rọ gba àmì iná mànàmáná tó ń kọjá nínú iṣan vagus ológbò: bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń fẹ̀ sí i ni àmì náà ń yára sí i. Ní 1955, Autar Singh Paintal, ọmọ Íńdíà, ṣàlàyé irú sẹ́ẹ̀lì iṣan mìíràn tó nawọ́ dé ẹ̀bá àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí omi bá ń gbára jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn wọ̀nyí ló ń sọ mímí di kíá-kíá.

Kí ló ń mọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀? Ní 2010, Ardem Patapoutian àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ṣàwárí purotéènì Piezo1 àti Piezo2. Wọ́n dà bí ilẹ̀kùn lára sẹ́ẹ̀lì: bí ara sẹ́ẹ̀lì bá nà, ilẹ̀kùn á ṣí, àmì á sì gbéra. Ní 2017, ìwádìí fi hàn pé ọmọ eku tí kò ní Piezo2 kì í lè mí dáadáa, wọ́n sì ń kú láàárín wákàtí 24 tí a bí wọn. Patapoutian wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Lára ọmọ tuntun ni ìṣe Hering àti Breuer ti lágbára ju ti àgbàlagbà lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àyà ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé gbọ́dọ̀ rántí pé ẹ̀dọ̀fóró kékeré yẹn ń ròyìn ohun tí a ń ṣe fún un.