Bish: Egbò Olóró Orí Òkè

Ọmọ kíláàsì wa kan bi mí léèrè nígbà kan pé: “Àáfáà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi májèlé ṣe tí Ó fi dá a?” Ìtàn egbò kan ni mo fi dá a lóhùn.

Bish ni àwọn Lárúbáwá ń pe egbò náà. Orí òkè Himalaya, ní Íńdíà àti Nepal, ni ó ti ń hù. Àwọn ẹbí rẹ̀ wà ní Ṣáínà, Japan àti Yúróòpù. Òdòdó rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ aró, ó rí bí ìborí, ó sì wu ojú. Lárúbáwá tún ń pe ẹbí rẹ̀ kan ní khāniq adh-dhi’b, èyíinì ni afún-ìkookò-lọ́rùn. Bí oró rẹ̀ bá wọ ara, ètè àti ahọ́n a kọ́kọ́ máa ta, wọn a sì kú tipiri. Lẹ́yìn náà ọkàn a máa lù ségesège títí yóò fi dákẹ́. Títí di òní, kò ní ẹ̀rọ̀ kan pàtó.

Àwọn ọdẹ ẹ̀yà Ainu ní àríwá Japan a máa fi í pa ọfà lóró láti fi pa béárì. Ibn Sina (980–1037) kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn rẹ̀, Al-Qānūn fī aṭ-Ṭibb, ó sì kà á mọ́ àwọn májèlé tí ó le jù.

Ní Ṣáínà, ó lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n ti ń fi irú egbò yìí wo ìrora oríkèé. Wọn kì í lò ó ní tútù: wọn a rẹ ẹ́ sómi, wọn a sì sè é pẹ́, nítorí pé sísè a máa sọ oró náà di ẹ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1881, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, dókítà George Henry Lamson fi oró yìí pa àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọmọ ọdún 18, nítorí ogún. Ó rò pé àṣírí kò ní tú. Onímọ̀ kan, Thomas Stevenson, fi ahọ́n tọ́ ohun tí wọ́n yọ láti ara òkú náà wò, ahọ́n rẹ̀ sì kú. Wọ́n yẹgi fún Lamson ní 1882.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìmọ̀ àti ìwọ̀n ni ó sọ egbò náà di oògùn ní Ṣáínà. Àìbẹ̀rù Ọlọ́run ni ó sọ ọ́ di ohun ìpànìyàn lọ́wọ́ dókítà. Nítorí náà, egbò tàbí àgbo tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tí a kò sì mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí a má ṣe fi kan ẹnu.