Ohùn Tí Fóònù Gé Kúrò, Tí Etí Wa Dá Padà

Láti Ẹgbẹ́dá ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, òfin tẹlifóònù àtijọ́ ló bá wọlé: ohùn tó ń gbọ̀n láàárín ìgbà 300 sí 3,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń kọjá, wọ́n gé ìyókù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìpìlẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í ju nǹkan bí 100 sí 150 lọ, ti obìnrin sì sábà máa ń sún mọ́ 200. Ìpìlẹ̀ yìí ló ń gbé dò, re, mí wa. Síbẹ̀, bí màmá bá pè pé "ọkọ̀ ti dé," ẹnikẹ́ni ò gbọ́ "ọkọ ti dé."

Kí ló fà á? Ìpìlẹ̀ kì í dá rìn. Bó bá ń gbọ̀n nígbà 100, àwọn ìró mìíràn á tẹ̀ lé e ní 200, 300, 400. Ọpọlọ wo àlàfo àárín wọn, ó dá ìpìlẹ̀ padà. Ní Netherlands, ní nǹkan bí ọdún 1940, J. F. Schouten yọ ìpìlẹ̀ ìró kan kúrò pátápátá. Àwọn èèyàn ṣì gbọ́ ọ bó ṣe ga tó.

Èmi náà ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ń kùn nínú ohùn tí mo gbà sílẹ̀, mo máa ń gé ìsàlẹ̀ ohùn náà, Yorùbá á ṣì dún ketekete.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò lámì ló ń da Yorùbá rú. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pàtàkì, ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.