Àbòmì, Àyọ́mu, Àpòmu: Orúkọ fún Oògùn tí a Bo Ìkorò Rẹ̀

Kì í ṣe òyìnbó ni yóò kọ́ ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire pé oògùn a máa korò, nítorí kí kínínì tó gúnlẹ̀ sí Èkó rárá ni àwọn baba wa ti ń gún egbò tí ó korò bí jogbo, tí wọ́n ń kù ú kúnná, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún, tí àwọn ìyá wa sì ń se irú egbò bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹja àti epo títí aláìsàn yóò fi máa lá ọwọ́. Àgúnmu ni wọ́n pe ti àkọ́kọ́, àsèjẹ ni wọ́n pe èkejì. Ẹ wo bí orúkọ méjèèjì ti mọ níwọ̀n: a gbọ́ ohun tí a ṣe sí oògùn, a sì gbọ́ ọ̀nà tí yóò gbà wọ ọ̀fun. Mo gbà pé ojú ọ̀nà yìí náà ni ó yẹ kí ẹni tí ń wá orúkọ fún oògùn ìgbàlódé tọ̀.

Ahọ́n kì í mọ ìtọ́wò ohun tí kò bá yọ́ sínú itọ́. Orí èyí ni ọgbọ́n àwọn apòògùn dúró lé. Ní Párísì ní ọdún 1820 ni àwọn apòògùn méjì, Pelletier àti Caventou, yọ kínínì lára èèpo igi sinkónà, ògbólógbòó ọ̀tá ibà tí ìkorò rẹ̀ ń lé ọmọdé wọ abẹ́ ibùsùn. Ní ìlú kan náà, ní 1834, àwọn méjì mìíràn, Mothes àti Dublanc, gba ìwé àṣẹ lórí àpò jẹlatíìnì tí a ń rọ oògùn sí, èyí tí gbogbo ọjà ti ń pè ní kápúsù, tí èmi kò sì ní bá a du orúkọ. Ṣùgbọ́n hóró tí a fi ṣúgà bò, bí ọ̀pọ̀ ibuprofen, oògùn ìrora, tí ń dán yinrin, kò ní orúkọ; mo pè é ní àbòmì, ohun tí a bò tí a sì gbé mì. Oògùn ibà Coartem ti àwọn ọmọdé tí ó jáde ní 2009, tí ó ní ìtọ́wò èso ṣẹ́rì, tí a ń jù sínú omi díẹ̀, àyọ́mu ni. Ìyẹ̀fun inú ìgò tí a ń bu omi sí dé ojú ìlà, àpòmu ni.

Iṣẹ́ bíbo ìkorò oògùn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹlòmíràn lè pè é ní ìpakorò, n kò sì fara mọ́ ọn, nítorí ìkorò náà kò kú. Kilorafẹ́níkọ́ọ̀lù, oògùn apakòkòrò kan, korò burúkú, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ so ó mọ́ ọ̀rá kan tí kò jẹ́ kí ó yọ́ lẹ́nu ọmọdé, ó sì di ìgbà tí ó bá dé inú ìfun kí ìdè náà tó já, kí oògùn tó padà sí bí ó ti wà. Ìbòkorò ni èyí.

Àwọn tí ń polówó oògùn ọmọdé ní “súìtì” ni n kò lè dárí jì, nítorí ọmọ tí a sọ fún pé súìtì ni yóò dá wá ìgò náà kiri nígbà tí ìyá kò bá sí nílé. Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Àbòmì ti yí òwe náà padà, ìkorò ni yóò gbẹ̀yìn fún ẹni tí ó bá ń lá a lẹ́nu. Òmíràn sì wà tí aṣọ rẹ̀ kò wà fún ahọ́n rárá, ikùn ni ó ń dáàbò bò, tàbí kí oògùn lè máa tú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá fọ́ èyí tí ń tú díẹ̀díẹ̀ lè gbé oògùn odindi ọjọ́ kan mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń kọ ìwé ìlò oògùn ní Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ara páálí irú àbòmì bẹ́ẹ̀: “Ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má ṣe rún un; odindi ni kí ẹ gbé e mì.”