Ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ àti Àwọn tí Wọ́n Ti Gbé Inú Rẹ̀

Àwa akọ́mọlédè máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ pé kí wọ́n kọ ìtàn ilé kan ní àdúgbò wọn, kí wọ́n sì sọ nípa àwọn tí wọ́n ti gbé inú rẹ̀. Èmi náà ti fún wọn ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí a ń rí gbà kì í yàtọ̀: orúkọ ẹni tí ó kọ́ ilé, orúkọ ọmọkùnrin tí ó jogún rẹ̀, àti ọdún tí wọ́n ṣí koríko kúrò lórí rẹ̀ tí wọ́n kan páànù. Bí ó bá jẹ́ ààfin ni, akẹ́kọ̀ọ́ a to orúkọ ọba tẹ̀ léra, olùkọ́ a sì fún un ní máàkì. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ mú ilé kan ṣoṣo ní gúúsù Èkìtì, èyíinì ni ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, kí a lè fi hàn pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò tó. Ara òpó àti ìlẹ̀kùn ilé náà ni a ti gbẹ́ ìtàn tí ó kún ju ti àwọn ìwé wa lọ.

Kí a tó wọlé, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lórí 'ilé' fúnra rẹ̀. Ní agbègbè wa, 'ulé' ni a ń pè é, bí a ti ń pe iṣu ní 'uṣu'. Mo ti rí ìwé ìdánwò kan rí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà sẹ́nu rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́, tí olùyẹ̀wò sì fi yíǹkì pupa fa ilà sábẹ́ gbogbo 'ulé' tí ó wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ béèrè ìtàn ilé lọ́wọ́ àwọn àgbà, ó yẹ kí a gbà kí ó kọ ọ̀rọ̀ àgbà náà sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọdẹ tí ó ti Ìbíní wá ni ìran Ògògà ṣẹ̀ lára rẹ̀, àti pé ó bá Olúkẹ́rẹ́ níbẹ̀, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń bojú tó òkè Ọlọ́súnta. Ìdílé méjèèjì ni wọ́n ní bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán láàárín wọn. A kò ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín.

Bí àwọn ààfin Yorùbá yòókù ni wọ́n ṣe kọ́ ààfin náà ní ayé àtijọ́. Afọlábí Òjó ti ṣe àlàyé irú ilé bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ààfin Yorùbá, tí ó jáde ní 1966. Agbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, òpó sì gbé etí òrùlé dúró. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí agbàlá ni ọba ti ń gbàlejò. Nítorí náà, òpó tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe igi lásán: òun ni ojú àlejò kọ́kọ́ ń bà lé.

Ọba Alówólódù Kìíní ni ó sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ọdún 1890 ni ó gorí ìtẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1928. Ẹ ro ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní 1890, Ìbíní ṣì dúró, àwọn Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn kò sì tíì tú àgọ́ ogun wọn ká. Ní 1893 ni ogun náà parí pátápátá. Ní 1897 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìbíní. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín ìlú Èkìtì kọjá. Nígbà tí ayé ti yí báyìí ni ọba yìí ránṣẹ́ sí agbẹ́gilére kan ní Ìsẹ̀.

Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ agbẹ́gilére náà. Ẹfọ̀n Aláayè ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó dàgbà sí, ó sì di ìránṣẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀ kí òkìkí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kàn. Láàárín 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ àwọn òpó àti ìlẹ̀kùn tí a ń sọ yìí fún ààfin Ìkẹ́rẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, ó dé adé, ẹyẹ sì bà sórí adé náà. Ẹsẹ̀ ọba kò kan ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olorì àgbà dúró, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ìtẹ́, ó sì ga ju ọba lọ dáadáa. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí àwòrán òpó yìí, mo rò pé agbẹ́gilére ṣi ìwọ̀n mú ni. Kò ṣì í. Àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ṣàlàyé pé olorì àgbà ni ó ń gbé adé lé ọba lórí nígbà ìwúyè, àti pé ẹyẹ orí adé ń tọ́ka sí agbára àwọn ìyá wa. Bí a bá tilẹ̀ fi àlàyé yìí sílẹ̀, ohun tí ojú rí kò ṣeé jiyàn sí: orí obìnrin ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Níwájú ọba, ìyàwó kékeré kúnlẹ̀, ẹnì kan sì ń fun fèrè. Ẹni tí ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ya sọnù.

Ìlẹ̀kùn náà tún lọ jìnnà sí i. Abala méjì ni, a sì pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìpele ìpele, pẹ̀lú àtẹ́rígbà tí a gbẹ́ orí ènìyàn sí, tí àwọn ẹyẹ sì ń ṣá wọn lójú. Ìgbà tí Captain Ambrose wá kí Ògògà, ní nǹkan bí ọdún 1901, ni ó ń sọ. Ọba jókòó pẹ̀lú adé, olorì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó ń bọ̀ ní abala kejì, àwọn arẹrù gbé e rù. Ọba kò dìde. Àlejò ni ó wá bá a nílé. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ kò mọ sórí àwọn ńlá wọ̀nyí. Ó gbẹ́ àwọn ayaba, ó gbẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, ó sì gbẹ́ àwọn tí wọ́n ru ẹrù òyìnbó pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lára wọn. Kò sí ìwé kankan tí ó pa orúkọ àwọn arẹrù náà mọ́, síbẹ̀ wọ́n wà lára ilẹ̀kùn ọba.

Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà kò tà á fún owó. Ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òun dípò rẹ̀. Báyìí ni ìlẹ̀kùn ṣe dúró sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ìtẹ́ wá sí Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn. Àwọn kan sọ pé wọ́n rẹ́ ọba jẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ọba tí agbẹ́gilére rẹ̀ ṣì wà láàyè mọ̀ pé òun lè rí ìlẹ̀kùn mìíràn; ohun tí kò rò, bóyá, ni pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yóò ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó lè fojú kan ìlẹ̀kùn ilé ọba rẹ̀. Òpó olorì pẹ̀lú ti kúrò nílé: Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà rà á ní 1984.

Nígbà tí ìlẹ̀kùn wà ní Wembley, kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ agbẹ́gilére sí i. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n wá sí Èkìtì lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ẹni tí ó ṣe é, àwọn àgbà sì dá wọn lóhùn. Ọlọ́wẹ̀ ti kú ní 1938. Ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ tí ó ṣì wà láàyè ní Ìsẹ̀ ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Oluju-ifun ni orúkọ obìnrin náà nínú ìwé. Kì í ṣe ìyìn lásán ni oríkì náà: ó ń ka àwọn ìlú àti ààfin tí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà. Ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ, obìnrin kan tí kò sí nínú ìtàn ààfin kankan ni ó di àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà mú sórí.

Àwa ńkọ́? Bí a bá fi oríkì sínú ìdánwò, ohun tí a máa ń béèrè ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fa àfiwé, àwítúnwí àti ìfohungbohùn yọ. Mélòó nínú wa ni ó ti béèrè rí pé: ta ni ó ki oríkì yìí, ilé ta ni ó ń gbé, kí sì ni ó mọ̀ tí àwọn ọkùnrin ilé kò mọ̀?

Mo ti yí iṣẹ́ tí mo ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi padà. Orúkọ ẹni tí ó ni ilé kò gba ju máàkì méjì lọ nínú ogún. Ìyókù wà fún ẹni tí ó rẹ́ ògiri, ẹni tí ó ń pa ilẹ̀, ìyàwó tí ó wọlé kẹ́yìn, ọmọ ọ̀dọ̀, ayálégbé àti àlejò tí kò lọ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún un, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti gbọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ 'ulé' ni ẹni náà pè é. Ní sáà tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan béèrè títí nípa ìyá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ gbogbo ògiri ilé wọn, kò rí ẹni tí ó rántí orúkọ rẹ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìwé, ó sì kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó ti bi sábẹ́ rẹ̀. Mo fún un ní máàkì ibẹ̀ ní kíkún.