Tactic Tó Gbọ́n Sí I Lè Ba Ẹ̀rí Àtijọ́ Jẹ́

Èrò kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ẹ̀rí ìṣirò wò. Wọ́n ní bí a bá tún tactic kan ṣe, tí gbogbo ohun tó ń yanjú tẹ́lẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì tún ń yanjú òmíràn kún un, kò sí ẹ̀rí àtijọ́ kankan tí yóò bàjẹ́. Ó dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Coq, tí Thierry Coquand àti Gérard Huet bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1984, tó ń jẹ́ Rocq láti 2025. Ẹ̀rọ yìí máa ń gbé ìbéèrè kan síwájú ẹni tó ń lò ó. Onítọ̀hún á pa àṣẹ kan; ìbéèrè náà lè tán, ó sì lè pín sí méjì; á tún pa àṣẹ mìíràn. Àwọn àṣẹ yìí là ń pè ní tactic, ohun tí ọ̀kan bá sì ṣẹ́ kù sílẹ̀ ni èyí tó tẹ̀ lé e máa bá. Ibẹ̀ ni àṣìṣe yẹn gbà wọlé. Ohun tí tactic yanjú nìkan ni àwọn ènìyàn ń kà. Wọn kì í ka ohun tó fi sílẹ̀.

Ká ní ìbéèrè kan ní apá méjì, A àti B. Ẹnì kan kọ split; auto. Split pín in, auto yanjú A, kò rí B ṣe. Ìlà kejì fi apply pe tíọ́rẹ́mù kan, B náà sì tán. Nígbà tó yá, wọ́n tún auto ṣe, ó wá ń dá B yanjú. Ìlà kejì dé, kò bá nǹkan kan nílẹ̀, Coq sì fèsì pé "No such goal". Tíọ́rẹ́mù náà ṣì jẹ́ òótọ́ bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ti try tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ try ni láti dán tactic kan wò. Bí ó bá kùnà, kí ó fi ìbéèrè sílẹ̀ bó ṣe bá a. Ẹni tó kọ ẹ̀rí lè ti gbára lé ìkùnà yẹn láìmọ̀. Lọ́jọ́ tí tactic náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìbéèrè tò díẹ̀ láìyanjú rẹ̀, àṣẹ tó wà níwájú kò ní dá a mọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni first, tó máa ń mú èyí àkọ́kọ́ tó bá ṣiṣẹ́ nínú àwọn tí a tò fún un. Lójú tèmi, ìkùnà tactic wà lára àdéhùn rẹ̀, bí ìwé ìlànà kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Nígbà mìíràn pàápàá, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan tactic náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, auto with * ni tactic tó ń jẹ́ intuition ń pè lábẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo tíọ́rẹ́mù tí ẹnikẹ́ni bá ti yà sọ́tọ̀ fún auto ló ń wò. Kí èèyàn ṣáà ti kó àkójọ ẹ̀rí ẹlòmíràn wọlé, intuition ti di nǹkan mìíràn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Bí a kò bá fún àwọn àbá, ìyẹn ohun tí ìbéèrè gbà pé ó jẹ́ òótọ́, lórúkọ, Coq á pè wọ́n ní H, H0, H1. Bí tactic tuntun bá fi àbá kan kún ohun tó ń fi sílẹ̀, H1 àná lè di H2 lónìí. Ó sàn bí ẹ̀rí bá kọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ń jẹ àkókò ni kí ó fi H1 tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ, kó tó wá kọ̀ ní ogún ìlà sísàlẹ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èrò yẹn ṣá o. Tactic tó jẹ́ pé ó yanjú ìbéèrè pátápátá tàbí kó kùnà kì í dá irú wàhálà yìí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ omega, tó jẹ́ irú tactic bẹ́ẹ̀, kúrò nínú Coq 8.14 ní 2021, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn fi lia rọ́pò rẹ̀ ni, lia sì lágbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí try omega bá ti wà tẹ́lẹ̀ láàrin ẹ̀rí, ìbéèrè tó ṣẹ́ kù lè dín sí ti tẹ́lẹ̀, a sì ti padà sídìí ọ̀rọ̀ split àti auto nìyẹn.

Àwọn tó ń kọ mathlib, àkójọ ẹ̀rí ńlá tí wọ́n ṣe fún Lean, ẹ̀rọ mìíràn bíi Coq, ti mọ èyí. Wọn kì í fẹ́ kí tactic tó ń jẹ́ simp wà lásán láàrin ẹ̀rí, nítorí àwọn tíọ́rẹ́mù tí simp ń lò ń pọ̀ sí i ṣáá. Simp only ni wọ́n ń fẹ́, pẹ̀lú orúkọ àwọn tíọ́rẹ́mù tó gbọ́dọ̀ lò, simp? á sì to orúkọ wọn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ti Coq, kí wọ́n tó gba àtúnṣe wọlé, wọ́n máa ń fi dán ọ̀pọ̀ àkójọ ẹ̀rí tí àwọn ẹlòmíràn kọ wò. Ẹni tó bá fẹ́ kí auto gbọ́n sí i ní láti bá àwọn tó ni ẹ̀rí tó bàjẹ́ tún un ṣe, lọ́nà tí yóò fi ṣiṣẹ́ nínú Coq ti tẹ́lẹ̀ àti tuntun, bí ó bá lè ṣeé ṣe.