Kì í ṣe àìrójò ló fa ọ̀wọ́n omi ní Tchamba

Láti Sokodé títí dé Tchamba àti Kambolé, ní àárín gbùngbùn Tógò, ọ̀rọ̀ kan wà tí tàgbà tèwe ti gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò: pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ilẹ̀ wa, pé àwọn ará etíkun ni Ọlọ́run fi omi jíǹkí, àti pé ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ omi fi ń parí sí gúúsù. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fún ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá dúró nídìí pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ lóṣù Èrèlé, tó rí obìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ títí tí itan rẹ̀ fi ń gbọ̀n, tí afẹ́fẹ́ nìkan ń tú jáde kí omi tó yọ ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́, tí korobá sì tò lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé omi wọ́n. Omi wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí yàtọ̀ sí ohun tó fà á, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á ti orí òjò bẹ̀rẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Sokodé lọ́dún kan máa ń ju mìlímítà 1,200 lọ. Ti Lomé, olú ìlú tó wà létíkun, kì í sábà ju 900 lọ. Lóòótọ́, àwọn òkè ìhà Kpalimé ń rí òjò tó pọ̀, gúúsù sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n etíkun tí à ń jowú rẹ̀ gan-an wà lára ibi tí òjò rẹ̀ kéré jù lọ ní gbogbo Tógò. Ó ṣòro láti mọ bí irú ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti wọ̀n báyìí ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa láìwọ̀n.

Odò ńkọ́? Wọ́n a ní Mono jẹ́ odò àwọn ará ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àárín àwọn òkè tó wà láti Sokodé sí ẹnubodè Benin ni Mono ti ṣẹ̀, kó tó rin nǹkan bíi kìlómítà 400 lọ sí òkun. Omi wa wà nínú omi tó ń yí ẹ̀rọ iná mànàmáná ní dáámù Nangbéto, tó wà lórí Mono.

Bí òjò bá wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, níbo ló ń wọlé sí? Àkókò kan ṣoṣo ló ń rọ̀ lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà, ọyẹ́ dé, ẹ̀ẹ̀rùn sì gba ilẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ wa jẹ́ àpáta líle. Erùpẹ̀ orí àpáta àti àwọn ibi tí àpáta ti sán nìkan ni omi ń fara pamọ́ sí. Ti Lomé kò rí bẹ́ẹ̀: ìpele yanrìn àti òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fi omi pamọ́ púpọ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n ṣáà gbẹ́ kànga ẹ̀rọ wa jìn sí i ń fi owó ṣòfò. Bí a bá ti kọjá ibi tí àpáta ti sán, bí a bá ṣe ń jìn tó náà ni ìrètí omi ń dín kù. Wíwá ojú sísán náà kí a tó gbẹ́ kànga ni ọgbọ́n, kì í ṣe jíjìn.

A lè gbà pé òjò ti ń ṣe ségesège nísinsìnyí, pé ó ń pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tó pẹ́ kì í ṣe òjò tó kéré. Ẹ wo Burkina Faso. Òjò Ouagadougou kò tó ti Sokodé rárá, síbẹ̀ adágún kéékèèké tí wọ́n fi dáámù ṣe ní orílẹ̀-èdè náà ju 1,000 lọ. Àwọn tí òjò wọn kéré ló ń tọ́jú omi, àwa tí òjò wa pọ̀ ń wò ó bí ó ti ń lọ.

Àìtọ́jú yìí ní ìtàn, inú bí a ṣe dá àwọn ilé iṣẹ́ omi sílẹ̀ ló sì wà. Tógò àti Dahomey (Benin òde òní) dá àjọ iná mànàmáná tí à ń pè ní CEB sílẹ̀ lọ́dún 1968. Àjọ yìí ló kọ́ dáámù Nangbéto, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1987 pẹ̀lú agbára mẹ́gáwáàtì 65. Wọ́n dárúkọ bíbomirin oko mọ́ àǹfààní rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ni wọ́n kọ́ ọ fún, iná náà ló sì ń pa á láṣẹ ìgbà tí yóò tú omi sílẹ̀. Ẹni tó ń pè é ní dáámù àgbẹ̀ ń ṣì í pè. Ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ, RNET tó di TdE, jẹ́ ti àwọn ìlú ńlá: ó dé Sokodé, kì í ṣe ti abúlé. Oko ìrẹsì tí wọ́n ń bomi rin ní Mission-Tové wà ní àfonífojì odò Zio, nítòsí Lomé. Kò sí èyí tí òjò pín nínú gbogbo wọn. Ènìyàn ló jókòó tó pinnu ibi tí iṣẹ́ máa lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí á ti ibẹ̀ bọ́ sínú àṣìṣe kejì, pé wọn kò ṣe ohunkóhun fún abúlé rí. Nínú ẹ̀wádún omi tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde, 1981 sí 1990, kànga ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abúlé káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó mọ sòbìà mọ iyì kànga wọ̀nyí: aràn gígùn ni sòbìà, tó ń yọ lẹ́sẹ̀ àgbẹ̀ lásìkò iṣẹ́ oko gan-an, tí wọ́n ń fi igi wẹ́wẹ́ ká díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, torí bó bá já, ẹsẹ̀ a wú. Inú omi adágún tí a kò sẹ́ ni wọ́n ti ń mu ún. Lọ́dún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán ní Tógò. Omi kànga àti asẹ́ ló ṣe é, pẹ̀lú àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé kọ́ni. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, kò sì yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni ẹ̀tọ́ wa lórí omi. Òfin omi Tógò ti oṣù kẹfà ọdún 2010 ka omi sí dúkìá gbogbo ará ìlú. Ní ìparí ọdún 2014, Tógò àti Benin fọwọ́ sí àdéhùn tó dá àjọ Mono sílẹ̀ láti máa bójú tó odò náà, gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sínú odò náà ló sì kàn, títí dé orísun rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àkùrọ̀ wà ní Tchamba àti Kambolé tí ìdènà kékeré kan lè mú kí ilá àti ẹ̀fọ́ hù níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n omi tí a bá dá dúró lókè yóò dín kù ní Nangbéto. Èló ni àwọn ará òkè odò lẹ́tọ̀ọ́ sí láti tọ́jú? Ta ni yóò wọ̀n ọ́, ọ̀dọ̀ ta ni àgbẹ̀ Kambolé yóò sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ? Àjọ Mono ló yẹ kó dáhùn, ní àkọsílẹ̀, fún àwọn ìgbìmọ̀ omi abúlé wa.