Ọdún 1978 àti Oko Wa ní Arepo

Ẹni tó bá rí Arepo, Mowe àti Ìbafọ̀ lónìí lè má mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé kan náà ni wọ́n wà pẹ̀lú Ọ̀fàdà, ìlú ìrẹsì.

Ọdún 1978 ni nǹkan yí padà. Wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé òfin ilẹ̀ jáde, gómìnà wá lè gba oko fún ìdàgbàsókè iléeṣẹ́. (Sìmẹ́ńtì Ewékoro, lọ́nà Ifọ̀, ti wà láti 1960 ní tiẹ̀.)

Ibi tó ń dun àgbẹ̀ rèé: òfin yẹn kì í san owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi iye tí èèyàn bá san lórí ilẹ̀ lọ́dún náà. Irè oko, ilé àti ẹ̀rọ ló ń sanwó fún. Bàbá tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi ńkọ́? Igbó lásán ni wọ́n máa kọ. Bẹ́ẹ̀, àwa la ní kó sinmi o!

Ẹ ka ọ̀pẹ àti ọsàn yín, ẹ ya fọ́tò oko, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i.